Táìsì dídán tí mo tẹ́ sílé wa l'Ádó-Èkìtì: ọdún mẹ́ta rèé, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ha àti ibi tí kò ha

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti gbogbo ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ́ táìsì tán ni gbogbo èèyàn máa ń ya fọ́tò, ilẹ̀ á máa dán gbinrin, ẹbí á máa kí yín kú oríire, ṣùgbọ́n a kì í rí fọ́tò ọdún kẹta. Ọdún kẹta yẹn lèmi fẹ́ sọ, torí ẹ̀gbọ́n mi kan ń múra àtira táìsì lóṣù tó ń bọ̀ yìí, mo wá rí i pé bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù, ó yẹ kí ẹlòmíì náà gbọ́.

Apá ọ̀nà Iworoko nilé wa wà, àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oríṣi mẹ́ta la rà nínú ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ajilosun. Ti pálọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, àwọ̀ mílíìkì, dídán. Ti kíṣìnnì jẹ́ 40 sí 40, àwọ̀ kọfí tó dúdú dáadáa, òun náà dídán, èmi ni mo yan àwọ̀ yẹn torí mo rò pé kò ní tètè fi ìdọ̀tí hàn. Ti kọ́rídọ̀ àti ẹnu ọ̀nà wá jẹ́ èyí tí ojú ẹ̀ ò dán, tó rí hákahàka díẹ̀, tí wọ́n fi àmì funfun àti eérú wọ́n lójú, ọkọ mi ló ní ká ra ìyẹn, èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ táìsì amọ̀ tí wọ́n fi gíléèsì bò lójú. Gíléèsì yẹn, dígí ni ká kúkú pè é, wọ́n á da á sórí amọ̀ náà, wọ́n á gbé e wọ iná ńlá, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo àwọ̀ àti dídán tí ẹ̀ ń rí, orí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló wà, kò nípọn tó bí ẹ ṣe rò, tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ táìsì tó fọ́ ẹ ó rí i, ó dà bí èékánná ni, amọ̀ pupa tàbí funfun ló kù nísàlẹ̀. Torí náà tá a bá ń bèèrè pé ṣé táìsì máa ha, ohun tá à ń bèèrè gan-an ni pé ṣé dígí orí ẹ̀ máa ha.

Ọ̀gá tó ta á fún wa, èèyàn dáadáa ni, wọ́n dá wa lóhùn, wọ́n ní kí wọ́n fún wa lómi, wọn ò sì fi owó kankan kún un lẹ́yìn tá a ti dúnàádúrà tán. Àmọ́ wọ́n ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn tí mo ti wá rí i lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà mìíràn náà. Mo bi wọ́n pé "ọ̀gá, ṣé èyí ò ní ha?" Ni wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fi fa ìlà gbọọrọ lójú táìsì náà, ìlà dúdú jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún, ìlà lọ. "Àntí, ẹ wò ó fúnra yín, kò mọ nǹkan kan." Èmi náà fọwọ́ kàn án, lóòótọ́ kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo sì sanwó.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn, idẹ ni. Idẹ rọ̀ ju dígí lọ, kò lè ha dígí láéláé, ìlà dúdú tá a rí yẹn, ara kọ́kọ́rọ́ ló ṣẹ́ kù sórí táìsì, kì í ṣe táìsì ló ha. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Mohs ló to òkúta mẹ́wàá tẹ̀léra ní 1812, láti orí 1 tó rọ̀ jù dé 10 tó jẹ́ dáyámọ́ńdì, èyí tó bá le ló máa ń ha èyí tó rọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Èékánná wa ò ju bíi 2 àtààbọ̀ lọ, idẹ wà níbi 3, dígí wà níbi 5 sí 6, ibẹ̀ náà sì ni gíléèsì ọ̀pọ̀ táìsì wà. Òkúta tí wọ́n ń pè ní quartz wà ní 7. Ibo ni quartz ti ń wá? Ó wà nínú yanrìn, òun ló tiẹ̀ pọ̀ jù nínú yanrìn wa. Àwa tá a ń gbé láàárín àpáta, ẹ wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ wo gbogbo òkè tó yí Adó ká, tí àpáta wọ̀nyẹn bá ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn nǹkan yòókù inú ẹ̀ á di amọ̀, quartz nìkan ni kì í jẹrà, òun ló ń di yanrìn tó ń dán wínníwínní lójú títì lẹ́yìn òjò. Bàtà wa ló ń gbé e wọlé. Tí ẹnì kan bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí dígí tí kò le tó o, tó tún yí ẹsẹ̀ lé e lórí, ẹ ò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan mọ́.

Ohun tó ha táìsì mi nìyẹn, yanrìn ni. Kì í ṣe bàtà, kì í ṣe àga, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń sáré. Tí ẹ bá gbé àga sórí ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní kẹ́ ẹ wọ́ ọ, ẹ lè má rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí hóró yanrìn méjì bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga, ó parí.

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ kíṣìnnì torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìkọ̀lé ni màmá mi ti wá, wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún kejì, ẹ sì mọ̀ pé iyán tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀, màmá mi ò kà á kún iyán. Odó àti ọmọ odó ni. A gbé odó sí igun kan ní kíṣìnnì, lórí táìsì aláwọ̀ kọfí yẹn, nǹkan bí ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ la sì ń gúnyán. Odó tí ẹ bá ń gún nǹkan nínú ẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó máa ń yí díẹ̀díẹ̀, gìdì, á yí, gìdì, á yí, yanrìn sì wà lábẹ́ ẹ̀ torí ẹ̀yìnkùlé la ti ń fọ̀ ọ́, a á yí i lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, a á tún gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan fún bí oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kan ni iná NEPA lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé fóònù sílẹ̀ sórí táìsì láti wá ṣíbí tó bọ́, ìmọ́lẹ̀ náà wá fẹ̀gbẹ́ lu ilẹ̀, ni mo bá rí òbìrí kan níwájú mi tó tóbi bí ìdí odó, ìlà wẹ́wẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó ń yí po bí ìlà ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, gbogbo ẹ̀ funfun lórí àwọ̀ kọfí. Mo fi omi nù ún, ó pòórá, inú mi dùn. Nígbà tó gbẹ, ó padà. Mo fa èékánná kọjá lórí ẹ̀, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ báyìí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ká sòótọ́ ó dùn mí gan-an, torí owó tá a fi ra táìsì kíṣìnnì yẹn, owó àjọ mi ni.

Màmá mi náà bá mi jókòó, wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé odó mi ló ba ulé rẹ jẹ́ ni?" Mo ní rárá o mà, yanrìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Táìsì mẹ́rin ni òbìrí náà kàn, ọ̀kan nínú wọn sì ti là láti igun dé igun. Èyí tó là yìí, ẹ̀bi táílà, ìyẹn ẹni tó bá wa tẹ́ táìsì, ni kì í ṣe ti táìsì. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án, ó ń dún kókó bí ìgbá tó ṣófo, àwọn yòókù ń dún pẹ́kẹ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé sìmẹ́ǹtì ò dé abẹ́ ẹ̀ tán, ó kàn bu ṣìkì ṣìkì márùn-ún sábẹ́ ẹ̀ ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Táìsì tí abẹ́ ẹ̀ ṣófo ò lè gba odó, kódà kò lè gba kí fìríìjì já lé e. Tí táílà yín bá ti ṣe tán, kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ mú ṣíbí tàbí owó kọ́ìnì, ẹ kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń dún kókó kí ó yọ ọ́ kó tún un tẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn lè fi ẹ̀rọ tàbí wáàsì pa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rẹ́. Màábù ni wọ́n lè fá lójú kó tún dán, torí òkúta kan náà ni látòkè délẹ̀, táìsì onígíléèsì tí ẹ bá fá, dígí orí ẹ̀ lẹ̀ ń fá dànù yẹn. Wáàsì á bò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á wá máa yọ̀, tí àgbàlagbà bá wà nílé ẹ ò fẹ́ ìyẹn. Ká yọ táìsì náà ká fi òmíràn sí i, ìyẹn nìkan ló wà.

Pálọ̀ wá ńkọ́? Ó dáa ju kíṣìnnì lọ. Àwọ̀ mílíìkì yẹn gbà mí, kì í ṣe pé kò ha o, ó ha, pàápàá láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ibi àga mẹ́ta, ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀ jù, dídán ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wọlé láti fèrèsé ẹ ó rí i pé ibẹ̀ kú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà funfun lórí àwọ̀ mílíìkì ò hàn, àlejò ò lè mọ̀. Lórí àwọ̀ kọfí gbogbo nǹkan ló ń hàn, ìlà, eruku ọyẹ́, àtẹ̀lẹsẹ̀ ọmọdé, omi tó kán sílẹ̀ tó gbẹ. Mo ti rò pé àwọ̀ dúdú ń bo ìdọ̀tí, ó yà mí lẹ́nu pé òun gan-an ló ń tú àṣírí.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ojú ẹ̀ rí hákahàka yẹn, òun ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu ọ̀nà ló wà, òun lẹsẹ̀ ń kọ́kọ́ tẹ̀, òun ni wọ́n wọ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá lórí ẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, mi ò rí ju ìlà méjì mẹ́ta lọ. Ó lè ti ha jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àmì tí wọ́n wọ́n sí i lójú ò jẹ́ kó hàn, kò sì ní dídán tí èèyàn á sọ pé ó ti lọ. Ohun tó burú lára ẹ̀ kan ni pé ìdọ̀tí máa ń há sínú hákahàka ojú ẹ̀, mọ́ọ̀pù lásán ò lè gbé e, búrọ́ọ̀ṣì oníke la fi ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo fara mọ́ ọn. Nígbà òjò pàápàá, kì í yọ̀, ti pálọ̀ ni tí omi bá kàn án, ẹ ní láti rọra.

Nọ́ńbà kan tún wà tí ǹ bá ti bèèrè nígbà yẹn ká ní mo mọ̀. PEI ni wọ́n ń pè é, ó máa ń wà lára páálí àwọn kan, láti 0 dé 5, tàbí kí ẹni tó ń tà á ní ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ ọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á kó ọta irin wẹ́wẹ́, pàwúdà tó le gan-an, àti omi sórí táìsì, wọ́n á máa yí i, wọ́n á ka iye ìgbà tó yí kí ojú ẹ̀ tó yí padà fún ẹni tó ń wò ó. Èyí tó bá ti yí padà ní ìgbà 150, 1 ni, ti 600 jẹ́ 2, ti 750 àti 1,500 jẹ́ 3, láti 2,100 lọ dé 12,000 jẹ́ 4, èyí tó bá kọjá 12,000 tí àbàwọ́n ò sì mú un ló ń jẹ́ 5. 0 ò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ògiri ni tiẹ̀. 1 àti 2, yàrá àti báàfù tí èèyàn ò ti ń wọ bàtà. 3 máa ń tó pálọ̀ ilé tí títì wọn dáa, ṣùgbọ́n àwa tí yanrìn wà lẹ́nu ọ̀nà, tèmi ni pé kẹ́ ẹ bèèrè 4 fún pálọ̀, kọ́rídọ̀ àti kíṣìnnì. Ẹ má sì ṣi nọ́ńbà yìí gbọ́ o, ohun tó ń wọ̀n ni bí táìsì ṣe máa pẹ́ tó kí ojú ẹ̀ tó gbó lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sọ pé hóró quartz kan tí odó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò ní fà á. 4 tí mo ní kẹ́ ẹ bèèrè yẹn náà á ha lábẹ́ odó.

Lóṣù tó kọjá mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. Ọ̀gá tún yọ kọ́kọ́rọ́. Mo ní "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n fi tèmi náà dán an wò." Mo ti bu yanrìn díẹ̀ sínú ọ̀rá láti ilé, mo wọ́n ọn sórí táìsì kan tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi igi pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́, mo yí i ní ìgbà mẹ́wàá, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó láti ẹ̀gbẹ́. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún oríṣi mẹ́rin. Méjì ha kedere, ọ̀kan ha díẹ̀, ọ̀kan tí ojú ẹ̀ ò dán, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Ọ̀gá náà wò ó, wọn ò bínú o, wọ́n tiẹ̀ pe ọmọ iṣẹ́ wọn pé kó wá wò ó. Èyí tí a kò rí nǹkan kan lójú ẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi mú pé òun máa rà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn gidi, ẹlòmíì ì bá ti lé wa jáde.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tá à ń ṣe báyìí nílé wa ni mo máa sọ. Mátì méjì ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀kan tó ní irun líle níta láti fi gbo bàtà, ọ̀kan tó rọ̀ nínú, a sì ń bọ́ bàtà síbẹ̀, àlejò náà ń bọ́ ọ. A máa ń gbálẹ̀ kó tó kan mọ́ọ̀pù, èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí mọ́ọ̀pù tútù tẹ́ ẹ gbé lé ilẹ̀ tí ẹ ò tíì gbá, yanrìn lẹ̀ ń wọ́ kiri yẹn, ńṣe lẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín ha á. Ìgbálẹ̀ tí ewé ẹ̀ rọ̀ ni o. Omi mọ́ọ̀pù, ẹ dà á nù tó bá ti dúdú, ẹ sì wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí yanrìn tó rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọṣẹ olómi díẹ̀ ti tó, tí ẹ bá da ọṣẹ tó pọ̀ ju, ó máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ọ̀rá, eruku á máa mú un. Kàn-ìn-kàn-ìn onírin àti yanrìn tàbí pàwúdà tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí ó kan ojú táìsì dídán rárá. Ásíìdì náà, mi ò gbà á mọ́, wáìtì sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín táìsì ló máa kọ́kọ́ jẹ, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní hydrofluoric sì wà tó ń jẹ dígí fúnra ẹ̀, tó sì léwu fún ara èèyàn gan-an.

Abẹ́ ẹsẹ̀ àga, a gé aṣọ kíkí tó nípọn, a fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, à ń pààrọ̀ ẹ̀ tí yanrìn bá ti kún inú ẹ̀. Tá a bá fẹ́ gbé fìríìsà kúrò lójú kan, a á gbálẹ̀, a á tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábẹ́ ẹ̀, a á wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì náà fà á.

Tí ẹ bá sì rí ìlà dúdú, ẹ má tíì sunkún. Ẹ fa èékánná kọjá lórí ẹ̀. Tí kò bá kọ́ yín lọ́wọ́, ara irin ló lẹ̀ mọ́ ọn, bíi ti kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ yẹn, ìdí ìkòkò alumí àti ẹsẹ̀ àga onírin ló máa ń ṣe é. Mo po baking soda pẹ̀lú omi díẹ̀ títí ó fi ki, mo fi aṣọ tútù gbo ó, mo fi omi ṣan án. Mọ́kànlá ni mo rí ní kíṣìnnì, mẹ́sàn-án ló lọ pátápátá, méjì tó kù ló jẹ́ pé dígí ti fà lóòótọ́.

Nǹkan tó kù ni páálí tí ẹ máa rà lé. Pálọ̀ wa jẹ́ mítà 5 sí 4 àtààbọ̀, ìyẹn mítà oníhà mẹ́rin 22.5. Páálí 60 sí 60 tí táìsì mẹ́rin wà nínú ẹ̀ ń tẹ́ 1.44, torí náà páálí 16 ló yẹ kó tó, a ra 18 nítorí gígé àti fífọ́. Ó kù wá táìsì mẹ́fà, wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlejò. Ti kíṣìnnì, mo ra géérégé, mi ò ṣẹ́ nǹkan kan kù, nígbà tí mo padà lọ wá irú ẹ̀, ọ̀gá ní orúkọ kan náà wà ṣùgbọ́n shade ti yàtọ̀, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé, tuntun pupa díẹ̀ ju tàtijọ́ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà shade tó wà lára páálí, kí gbogbo páálí tí wọ́n bá gbé fún yín jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì ra páálí kan kún un fún ọjọ́ iwájú.

Tí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì: ti ẹnu ọ̀nà, 9 nínú 10. Ti pálọ̀, 7, màá sì tún un rà fún yàrá. Ti kíṣìnnì, 3, àwọ̀ kọfí dídán ò tún ní wọ ilé mi mọ́. Ti ṣọ́ọ̀bù, 8, màá ṣì máa rán èèyàn lọ síbẹ̀.

Táílà mìíràn ń bọ̀ ní Sátidé. Táìsì abẹ́ odó ló máa yọ, a ò ní fi táìsì sí ojú ibẹ̀ mọ́, sìmẹ́ǹtì lásán ló máa fi dí i tó máa fá a kó jọ̀lọ̀, kó gbòòrò tó odó àti ibi tí màmá mi máa dúró sí. Wọ́n ti wọn ibẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn, ìṣísẹ̀ méjì sí méjì.